Ìbọn ogun Kírìjì nínú mùsíọ́mù kékeré: báwo la ṣe ń mọ ojúlówó?

Olùtọ́jú_Kékeré
Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Mùsíọ́mù kékeré kan ni mò ń bójú tó ní agbègbè tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, jà. Yàrá méjì péré ni. Àwọn ìbọn gígùn wà lára ògiri, idà wà, ẹ̀wù ogun kan wà tí oògùn bo gbogbo ara rẹ̀, ìwo ẹ̀tù, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ irin àti akoto irin kan. Àwọn agbo ilé nínú ìlú ló kó wọn wá fún wa. Ohun kan náà ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kọ sábẹ́ gbogbo wọn: "Ogun Kírìjì, 1877–1893."

Àwọn ọmọ iléèwé wá wò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ní báwo la ṣe mọ̀. Mo ní àwọn tó gbé e wá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló wá sọ fún àwọn náà? Mo fẹ́ tún àkọlé gbogbo wọn kọ báyìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ pe ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti yunifásítì, a ò ní owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ara irin ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ìbọn náà láti ẹ̀gbẹ́, má tàn án láti òkè, kí o wo ìdí ọ̀pá rẹ̀ níbi tí irin ti pàdé igi. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìbọn ránṣẹ́ sí wa máa ń dán an wò kí wọ́n tó tà á, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sára irin pé àwọn ti dán an wò. Òǹtẹ̀ yẹn lò ń wá.

Tí ó bá jẹ́ pé Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é, wàá rí lẹ́tà E, L àti G nínú òbìrí kan tó gùn díẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lábẹ́ wọn. Láti 1810 ni òǹtẹ̀ yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 1893 ni wọ́n wá fi adé lé e lórí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: oṣù Kẹta 1893 ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú bùdó ká. Ìbọn tí adé bá wà lórí ELG rẹ̀, ogun ti parí kí wọ́n tó ṣe é.

Ti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn ni wàá rí, adé lórí wọn. Láti 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn wọn ti wà, nítorí náà èyí ò lè yanjú ọ̀rọ̀ tiwa tó ti Liège.

Kí o sì rántí o: ELG tí kò ní adé kò sọ pé ìbọn náà lọ sí Kírìjì. Ohun tó sọ ni pé ó ṣeé ṣe.

Ọdẹ_Àgbà
Ẹ dúró ná! Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn kankan kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu kì í hàn lójú pé wọ́n ti kì í. Ẹni tó ni ín lè ti kì í sílẹ̀ kó tó kú, kí àwọn ọmọ sì gbé e pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tó bá ti gbẹ, ọgọ́rùn-ún ọdún ò ní kó má gbiná.

Ìwọ olùtọ́jú, gbọ́ mi dáadáa. Yí ẹnu ìbọn sí ibi tí kò sí èèyàn. Wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, igi ni o, kì í ṣe irin. Tì í bọ ẹnu ìbọn jẹ́jẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀, sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, fà á yọ, kí o sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta. Bí orí igi bá dé ọ̀gangan ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, inú rẹ̀ ṣófo. Bó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Má gbẹ́ ẹ, má yọ ọ́, má gbé e káàkiri. Lé gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá yẹn, kí o pe ọlọ́pàá, kí wọ́n rán àwọn tó mọ̀ nípa ohun tó ń bú gbàmù. Ìwo ẹ̀tù ńkọ́? Má ṣí i níbi tí sìgá tàbí àbẹ́là wà.

Olùtọ́jú_Kékeré
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti ti yàrá náà pa títí màá fi rí igi.

Ọmọ_Ọbòkun
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, inú mi ò dùn. Ìgbà wo ni òǹtẹ̀ òyìnbó di ẹlẹ́rìí tó ju ẹnu àwọn bàbá wa lọ? Ìbọn wà ní agbo ilé tiwa. Ẹni tó bí bàbá bàbá mi tẹ̀ lé Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ìjẹ̀ṣà, lọ sí Kírìjì, gbogbo Ìjẹ̀ṣà tó mọ̀ wá ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún la ń gbé ìbọn náà síwájú Ògún. Bí ẹnì kan bá wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, tó ní irọ́ ni, kí ni ká sọ fún àwọn ọmọ?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì bára wọn jà. Pé bàbá lọ sí Kírìjì, ẹnu ẹbí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí irin tó lè já a nírọ́. Pé ìbọn *yìí* ló gbé lọ, ìyẹn ni irin lè dá sí. Jagunjagun kan lè lo ìbọn mẹ́ta, mẹ́rin láyé rẹ̀. Òmíràn á bàjẹ́, wọ́n á jí òmíràn, yóò ta òmíràn. Èyí tó kù nílé nígbà tó kú ni àwọn ọmọ á mú.

Ilé_Olúyọ̀lé
Èmi ọmọ Ìbàdàn ti jókòó jẹ́ẹ́ láti òwúrọ̀ 😂 Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ja ogun náà ni? Nínú gbogbo mùsíọ́mù kéékèèké tí mo ti yà sí lágbègbè yín, tí ẹnì kan bá ń gbọ́ àlàyé níbẹ̀, á rò pé òkúta ni àwọn Èkìtìparapọ̀ ń yìnbọn lù. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885. Àwọn ọmọ ogun wa pọ̀ tó sùn síbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ gidi ni mo fẹ́ sọ. Ìbọn tó wà nínú ilé Èkìtì kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọmọ Èkìtì ló kọ́kọ́ yìn ín. Wọ́n ń kó ìbọn lọ́wọ́ ara wọn lójú ogun. Tí wọ́n bá mú ẹnì kan, ìbọn rẹ̀ ti di ìkógun nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí bóyá ríra ni wọ́n ra ìbọn náà tàbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ò kàn bi wọ́n rí ni.

Tíṣà_Ìtàn
Ilé_Olúyọ̀lé, àwàdà rẹ ti pọ̀ jù, àmọ́ ìbéèrè yẹn dára.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọdún tó wà lórí àkọlé, torí òun gan-an ló ń da nǹkan rú. 1877 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Èkìtì ò tíì sí níbẹ̀. 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso wọn, lẹ́yìn ìyẹn ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀. Nígbà tó di 1886, Gómìnà Èkó, Moloney, rán àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips láàárín bùdó méjèèjì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ṣé wọ́n wá lọ sílé? Rárá. Ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ tó ń bá Ifẹ̀ jà ò yanjú, Ìlọrin ṣì dó ti Ọ̀fà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ kẹ́yìn sí ọ̀tá. Bùdó wà níbẹ̀ títí Gómìnà Carter fi wá ní 1893. Ìyẹn ni pé ọdún bíi méje tó gbẹ̀yìn, jíjókòó ni wọ́n jókòó ti ara wọn. Wọ́n dáko níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé bùdó náà ti di ìlú. Ìlú kì í sì í ṣe ìbọn nìkan. Níbo ni ìkòkò wọn wà nínú mùsíọ́mù yín? Ọlọ wọn ńkọ́? Ta ló ń gbé iṣu àti ẹ̀tù lọ síbẹ̀? Àwọn obìnrin ni, àwọn ẹrú ni. A mọ̀ pé Tinúubú, obìnrin oníṣòwò, ló ń wá ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì kọlù wọ́n ní 1864, tó sì fi di Ìyálóde Ẹ̀gbá. A mọ̀ pé àwọn ológun Ìbàdàn ń gba ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, kí ó tó kú ní 1874. Ó dá mi lójú pé obìnrin wà lẹ́yìn Kírìjì náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé agbọ̀n ìyá rẹ̀ wá sí mùsíọ́mù.

Ní ti ìbọn: nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà, ìbọn gígùn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ló wà lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó, àwọn tó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé nígbà tí ogun ti wọra. Òun ló yí ojú ogun padà. Tí o bá ní Snider nínú yàrá yẹn, kí o dì í mú dáadáa.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Láti mọ Snider: ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ìdérí irin kan wà lẹ́yìn ọ̀pá rẹ̀ tó ń ṣí sápá ọ̀tún. 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn sójà wọn. Àwọn ìbọn Enfield àtijọ́ tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ gé ìdí rẹ̀ tí wọ́n sọ di Snider, nítorí náà tí o bá rí 1862 lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ọdún tí wọ́n ṣe Enfield nìyẹn.

Àwọn ìbọn tí alágbẹ̀dẹ wa rọ nílé ló le jù láti mọ ọjọ́ orí wọn, nítorí kò sí òǹtẹ̀ lára wọn. Wo ọ̀pá rẹ̀. Bó bá jẹ́ páìpù omi, tàbí tí o rí ojú ibi tí wọ́n ti fi iná mànàmáná jó irin pọ̀, ìbọn ọdẹ òde òní ni.

Olùtọ́jú_Kékeré
Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ti fi igi wò wọ́n, gbogbo wọn ṣófo, ọpẹ́ ni. Àbájáde rẹ̀ rèé:

Snider wà níbẹ̀! Ìdérí náà ti dípẹtà mọ́ra, kò ṣí, ṣùgbọ́n òun ni. Ṣakabùlà kan ní ELG tí kò ládé. Òmíràn ní ELG, adé sì wà lórí rẹ̀ kedere. Ọ̀kan jẹ́ páìpù. Àwọn tó kù, mi ò rí nǹkankan lára wọn torí ẹnì kan ti fi ọ̀dà fàdákà kùn wọ́n látòkè délẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé agbo ilé tó gbé èyí tó ládé wá làwọn tó bá wa kan òrùlé mùsíọ́mù. Orúkọ bàbá ńlá wọn ni wọ́n kọ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀: ìbọn tó fi jagun Kírìjì.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ọ̀dà fàdákà! Mo ti mọ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀dà yẹn ti kun gbogbo ìbọn àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá tán.

Má fi sáńpépà bọ̀ ọ́ o. Sáńpépà á pa ọ̀dà rẹ́, á sì pa òǹtẹ̀ rẹ́ mọ́ ọn. Mú òwú díẹ̀, rẹ ẹ́ sínú ásítóònù tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, kí o fi nu ibi kékeré kan lára irin. Má jẹ́ kó kan igi. Ṣí fèrèsé, má tan iná nítòsí. Tí irin bá ti mọ́ tó sì gbẹ, fi ìda fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Ẹ yéé fi epo pupa tàbí dísù pa ìbọn, eruku ni wọ́n ń fà mọ́ra. Kí o sì wọ ìbọ̀wọ́, òógùn ọwọ́ wa níyọ̀, ó ń jẹ irin.

Ilé_Olúyọ̀lé
Àwọn tó kan òrùlé yẹn, tí o bá yọ orúkọ bàbá wọn, ṣé wọn ò ní wá ká páànù wọn lọ báyìí 😂

Tíṣà_Ìtàn
Kò ní yọ ọ́. Wo bí màá ṣe kọ ọ́:

"Ṣakabùlà. Wọ́n ṣe é ní Liège, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lẹ́yìn ogun Kírìjì. Ẹbí tó gbé e kalẹ̀ sọ pé ìbọn bàbá wọn ni, ẹni tó jagun náà."

Orúkọ bàbá á tẹ̀ lé e. Irin sọ tirẹ̀, ẹbí sọ tiwọn, ẹni tó ń kà á sì mọ ẹni tó sọ èwo. Má lo "wọ́n gbà pé" tàbí "ó ṣeé ṣe kó jẹ́". Ta ló gbà? Dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọmọ_Ọbòkun
Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé lẹ́yìn ogun, 1910 ló kú. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà pẹ́. Kí ni wọ́n ń fi ìbọn ṣe láàárín 1893 sí ìgbà tí wọ́n kú? Torí mo bi ìyá àgbà wa kan lánàá, ó ní lẹ́yìn ogun ni bàbá di ọdẹ, owó ẹran ìgbẹ́ ló fi fẹ́ ìyàwó kẹta. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Tí adé bá wà lára tiwa náà, a jẹ́ pé ìbọn ìgbà ọdẹ rẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà_Ìtàn
Kọ ohun tí ìyá wí sílẹ̀ lónìí. Kọ orúkọ wọn, kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kí o sì gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà.

Ìyá_Aláṣọ
Mi ò mọ̀ nípa ìbọn, iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe. Ẹ̀wù ogun yẹn ló ká mi lára. Ṣé kíkọ́ lẹ gbé e kọ́? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tírà aláwọ àti ońdè tí wọ́n rán mọ́ ọn wúwo, wọ́n á máa fa òwú ya díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí aṣọ funfun tí kò ní sítáàṣì, kí oòrùn má kàn án. Ẹ má fọ̀ ọ́ láéláé. Ẹ̀jẹ̀, òógùn, ẹ̀tù tó wà lára rẹ̀, ara ìtàn rẹ̀ ni.

Ẹ má tú tírà kankan láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkàn yín á máa fà á. Ẹnì kan tú u níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé inú rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, a ò sì rí i kà.

Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, àwọn mùsíọ́mù ńláńlá máa ń dì í sínú ọ̀rá pinpin, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì tó tutù dé 20 ìsàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Àmọ́ tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ẹ máa gbọn ibi tó wà nu déédéé, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ bi ẹbí bóyá ó ní ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibòmíràn wà tí wọn kì í fẹ́ kí obìnrin gbé ẹ̀wù ayẹta. Èmi obìnrin ni, mo máa ń béèrè, tí wọ́n bá ní rárá, mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n máa sọ ohun tí ọkùnrin á ṣe. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà yè.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òfin
Ní kúkúrú: òfin tó dá àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn oníṣòwò máa ń wá sí irú ilé yìí pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan, tojú tẹ̀yìn. Bákan náà, òfin ìbọn 1959 mọ ṣakabùlà sí ìbọn. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá àdúgbò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọdẹ_Àgbà
Akoto irin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Bàbá, kò sí akoto irin bẹ́ẹ̀ ní Kírìjì. 1915 ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé e. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ní etí yíká, ti ogun Búmà ní Éṣíà ló jọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82 tí wọ́n kó lọ jà níbẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ti Kírìjì, ẹ wá ibòmíràn fún un. Ọmọ ẹni tó dé e lè ṣì wà láyé nílùú yín.

Olùtọ́jú_Kékeré
Ó wà! Mo mọ ilé tó ti wá, màá lọ bá wọn.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ yẹn. Ẹbí tó gbé e wá ò fẹ́ kí á kọ orúkọ àwọn. Wọ́n ní àwọn kan wà nínú agbo ilé náà tí ìyá ńlá wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n mú lójú ogun, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fìka tọ́ka.

Tíṣà_Ìtàn
Má kọ orúkọ wọn sára ògiri. Kọ pé irin tí wọ́n fi ń de òǹdè ni, pé láti agbo ilé kan nínú ìlú ló ti wá, kó tán síbẹ̀. Àmọ́ kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà tí àlejò kì í rí, torí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́la gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí o tó gbé e sí ojútáyé, lọ bá àwọn ọmọ ìyá yẹn fúnra wọn. Ẹni tó gbé irin náà wá ti fún ọ láyè. Àwọn tí wọ́n fi de ìyá wọn ò tíì fún ọ.

Ìyá_Aláṣọ
Tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbé e síta ńkọ́, Tíṣà?

Tíṣà_Ìtàn
Kí ó wà nínú àpótí, kí a tún bi wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Rẹ́jísítà yẹn, inú ìwé ẹlẹ́yìn líle ni kí o kọ ọ́ sí o, kì í ṣe inú fóònù.